Ibi Tí Ìṣirò Agbára Òòfà Inú Iná Mọ̀nàmọ́ná Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1820, Hans Christian Ørsted, onímọ̀ físíìsì, ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ ní Copenhagen, ní Dẹ́ńmáàkì. Bó ṣe jẹ́ kí iná bátìrì gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí mì. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iná mọ̀nàmọ́ná kò bá irin òòfà tan. Ohun tó tún wá rú wọn lójú ni pé wáyà náà kò fa abẹ́rẹ́ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kò tì í sẹ́yìn; ńṣe ló fẹ́ yí i dábùú. Gbé abẹ́rẹ́ kúrò lábẹ́ wáyà lọ sókè rẹ̀, yóò kọjú sí òdìkejì. Agbára náà yí wáyà po bí òrùka ṣe ń yí ìka po.

Ìwé pélébé olójú-ewé mẹ́rin ní èdè Látìnì ni Ørsted fi kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Keje. Kò sí fọ́múlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Paris ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ni Arago, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fi iṣẹ́ Ørsted han ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, Ampère, ará Faransé bíi tirẹ̀, ti fi hàn pé wáyà méjì tí iná inú wọn forí lé ibì kan náà máa ń fa ara wọn. Bí iná bá ń lọ lódìkejì, wọ́n á ti ara wọn. Kò sí irin òòfà kankan níbẹ̀ o.

Jean-Baptiste Biot àti Félix Savart ló wá wọn agbára wáyà yìí, wọ́n sì jábọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí aago ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi òwú sílíkì so abẹ́rẹ́ òòfà rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gígùn tó dúró ṣánṣán, wọ́n fi irin òòfà mìíràn pa agbára òòfà ilẹ̀ ayé lẹ́nu mọ́ kó má baà dá sí i, wọ́n sì rọra ta abẹ́rẹ́ náà kó máa fì sọ́tùn-ún sósì. Bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni abẹ́rẹ́ ṣe ń yára fì: bí àkókò ìfì kan bá dín sí ìdajì, agbára ti di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n ń ka ìfì, wọ́n ń wo aago, wọ́n ń sún abẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé bí àlàfo àárín wáyà àti abẹ́rẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára á dín sí ìdajì.

Odindi wáyà gígùn nìyẹn. Laplace, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló rí i pé bí odindi bá ń ṣe báyìí, a jẹ́ pé bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, agbára bíńtín kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ ní láti dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Biot tẹ wáyà láti wá bí ìdagun ṣe kàn án: bíńtín tó kọrí tààrà sí ibi tí à ń wọ̀n kò mú nǹkan kan wá, èyí tó dábùú ló ń mú tirẹ̀ wá ní kíkún. Kò sẹ́ni tó lè gé bíńtín wáyà sọ́tọ̀ kí iná ṣì máa ṣàn nínú rẹ̀. Inú orí ni wọ́n ti gé e, wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí iná ampere 1 (ampere la fi ń wọn iná tó ń ṣàn) bá ń gba inú wáyà gígùn, ìṣirò yẹn ló ń sọ fún wa pé, ní sẹ̀ńtímítà 1 sí i, agbára òòfà jẹ́ tesla 0.00002 (tesla la fi ń wọn agbára òòfà). Ti ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ kò ju 0.000025 sí 0.000065 lọ. Abájọ tí abẹ́rẹ́ Ørsted fi mì.

Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣàn nínú wáyà gan-an? Wọn ò mọ̀. Ní 1876, Henry Rowland ará Amẹ́ríkà kó ṣáájì, ìyẹn iná mọ̀nàmọ́ná tó jókòó sára nǹkan, sórí àwo roboto kan ní ilé ìwádìí Helmholtz, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ní Berlin, ó mú kó máa yí ní eré burúkú. Kò sí iná tó ń gba inú wáyà kankan, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ yí díẹ̀. Kí ṣáájì ṣáà ti máa rìn, ó ti tó. Ní 1881, J. J. Thomson, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò agbára tí òòfà ń lò lórí ṣáájì tó ń sáré, ìdajì iye tó yẹ ló sì rí. Oliver Heaviside, tí kò wọ yunifásítì rí, ló tún un ṣe ní 1889: fi eré ṣáájì sọ ṣáájì di púpọ̀, kí o tún fi agbára òòfà tó dábùú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Orúkọ Lorentz, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, ni wọ́n padà fi ń pe fọ́múlà náà.

Ní 1897, Thomson kan náà darí òòfà sí ìtànṣán inú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Ó wọn bí ìtànṣán náà ṣe tẹ̀, ó ṣírò padà sẹ́yìn, ó sì bá nǹkan tó fúyẹ́ ju átọ́ọ̀mù èyíkéyìí lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù là ń pè é. Òun náà ló ń rìn nínú wáyà Biot àti Savart nígbà tí wọ́n ń ka ìfì abẹ́rẹ́.