Akèrègbè tó di ilé ẹyẹ: bó ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà

Baba òyìnbó kan wà tí fẹ́ǹsì wa pààlà níbí ní Texas, tó bá ti ń wọ oṣù kejì báyìí tí òtútù ò tíì lọ tán, á fa òpó gígùn kan sókè sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, kiní funfun roboto bíi méjìlá ló so rọ̀ sára ẹ̀, iná ni mo kọ́kọ́ pè é. Ọjọ́ tí mo sún mọ́ fẹ́ǹsì ni mo tó rí i pé akèrègbè ni! Ike ni wọ́n fi ṣe é o, àmọ́ kèrègbè ẹlẹ́mu gan-an ni, ọrùn ẹ̀, ikùn ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló pé, ihò kan wà níkùn ẹ̀, ẹyẹ kan sì yọrí síta ó ń wò mí.

Purple martin lorúkọ ẹyẹ yẹn, mọ̀lẹ́bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tiwa ni. Ọ̀hún ní Brazil ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sá fún òtútù, àwọn akọ tó ti dàgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Lókèèrè ẹ máa pè é ní dúdú, àmọ́ tí oòrùn bá tàn sí i lára, ńṣe ló ń dán bí aṣọ ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Kì í ṣe òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn Choctaw àti Chickasaw, tí wọ́n ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, wọ́n máa ń gé ẹ̀ka igi kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi akèrègbè kọ́ kùkùté ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Alexander Wilson ló kọ ọ́ sínú ìwé ẹyẹ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1808. Ṣáájú ẹ̀, ní nǹkan bíi 1730, Mark Catesby, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kọ̀wé nípa ẹyẹ, ti kọ ọ́ pé wọ́n ń gbé akèrègbè kọ́ òpó fún ẹyẹ yìí, torí ó máa ń lé kannakánná àti àṣá kúrò nídìí adìẹ. Ẹni tó bá ti sin òròmọdìẹ rí mọ nǹkan tí àṣá ń foju èèyàn rí.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara nìyí. Wilson yẹn náà ló kọ ọ́ pé àwọn èèyàn dúdú etí odò Mississippi, ìyẹn lásìkò ẹrú o, máa ń ri ọparun gígùn mọ́lẹ̀, wọ́n á fi akèrègbè sórí ẹ̀ kí ẹyẹ yìí lè yé sínú ẹ̀. Ẹẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀. Akèrègbè fúnra ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dé Amẹ́ríkà láti ohun tó ju ọdún 8,000 lọ. Èèyàn tí wọ́n kó wá láìní nǹkan kan lọ́wọ́, tí ilé tó ń sùn kì í ṣe tiẹ̀, ó ṣì rí ọkàn kọ́lé fún ẹyẹ.

Àwọn òyìnbó wá gbà á, wọ́n ń fi pákó kàn án, nígbà tó fi máa di ayé Audubon, ayàwòrán ẹyẹ, ó ní ilé èrò ìgbèríko wo ló kù tí ò ní in lórí sáìnbọ́ọ̀dù. Ìgbà tí wàhálà dé ni wọ́n kó ológoṣẹ́ wá láti Yúróòpù láàárín àwọn ọdún 1850, tí Eugene Schieffelin tún tú ẹyẹ starling ti Yúróòpù sílẹ̀ ní Central Park ní New York ní 1890, àwọn méjèèjì yìí ló ń gba ihò igi mọ́ ẹyẹ wa lọ́wọ́, igbó náà sì ń tán. Ní báyìí, láti Rocky Mountains wá sí ìlà oòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tó ń yé síbòmíì yàtọ̀ síbi tí èèyàn gbé kọ́ fún un.

Griggsville ní Illinois ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlùmíníọ̀mù ṣe ilé ẹyẹ yìí ní 1962, wọ́n polówó ẹ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ ẹ̀fọn 2,000 lójúmọ́. Irọ́ ni jàre, òkè réré ló ti ń jẹun lọ́sàn-án, lámilámi ló ń gbé wálé fọ́mọ.

Lóṣù kẹrin, baba sọ òpó yẹn kalẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó. Koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ẹyẹ ti wá já ewé tútù tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹyin funfun márùn-ún lórí ewé. Mi ò lè mí dáadáa.

Mo ti gbin akèrègbè gidi sídìí fẹ́ǹsì báyìí, ó ti ń fà. Tó bá so, mà á jẹ́ kó gbẹ wọ Dìsẹ́ńbà, mà á gbẹ́ ihò sí i, kí wọ́n tó ti Brazil dé.