Yìnyín kún òkè fíríìjì, omi ìsàlẹ̀ kò tutù: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi àti sóbò ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Láti ìgbà tí a ti fi ọkọ̀ kó fíríìjì mi dé láti Oǹdó ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ti pa dé dáadáa mọ́. Yìnyín kún òkè, omi ìsàlẹ̀ kò tutù. Ẹni tó wá wò ó ní gáàsì ló tán. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má tíì san owó gáàsì. Bí gáàsì bá tán pátápátá, yìnyín kankan kò ní sí níbẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni yìnyín yẹn ti wá. Ẹ wo bí ife omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì, pàápàá lásìkò òjò: omi inú afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹnu ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa wọlé, omi inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù jù, á di yìnyín. Tí yìnyín náà bá wá nípọn, á dàbí aṣọ òtútù tí wọ́n fi bo ibẹ̀, òtútù kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ omi yín. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn kò ní sinmi, owó iná á sì máa lọ.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti ń jò?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ẹ rọra fà á. Tó bá le fà, ibẹ̀ dára. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ ṣe é yíká, ẹ má fo igun.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tuntun ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kò tíì kàn án. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà lára iná, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́! Ọ̀bẹ lè lu páìpù, ìgbà yẹn ni gáàsì á wá tán ní tòótọ́.

Nítorí pé ìrìn ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, híńjì ni èmi á kọ́kọ́ wò. Ọ̀nà tó ń gbọn ọkọ̀ máa ń tú ìdè rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì wọ́ sílẹ̀. Ẹ dè é padà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú fíríìjì sókè díẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè máa padà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà. Òòfà wà nínú rẹ̀ tó ń fà á mọ́ irin, ṣùgbọ́n kò lè dì mú bí ṣúgà sóbò bá ti gbẹ sí i lára. Ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ wọ inú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí okùn ti tẹ̀ ẹ́ pa nínú ọkọ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná lé e títí á fi rọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fà á jáde. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ ti ilẹ̀kùn pa mọ́jú. Àfi tó bá ya, tàbí tí òòfà rẹ̀ kò mú irin mọ́, ni kí ẹ ra òmíràn. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Ìbéèrè: Fíríìjì aládùúgbò mi, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í, ńṣe ló máa ń le láti tún ṣí. Ṣé tiẹ̀ náà ń bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Tiẹ̀ dára gan-an ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wọlé nígbà tó ṣí i ń tutù, ó ń sún kì. Afẹ́fẹ́ ìta wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tó bá dúró díẹ̀, á ṣí wẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí tiyín náà bá le bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń pa dé dáadáa.