Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn ló di ọmọ yín lẹ́nu

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ìyá mẹ́ta ló mú ọmọ wá bá mi, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: "Àǹtí, ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ." Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún jókòó síbẹ̀, ìka ẹ̀ ń sáré lórí fóònù, gúrúùpù WhatsApp mọ́kànlá ló wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn ti kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sanwó òróró. Èkejì ra àwúre. Inú bí mi gan-an. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ n'Ìbàdàn níbí, mi ò tíì rí ọmọ kan tí òróró kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fèsì ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ní àsìkò tiẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dún 2009 àwọn onímọ̀ èdè kan ṣàyẹ̀wò èdè 10, látorí ti Japan dórí ti Namibia, wọ́n rí i pé tẹ́nì kan bá béèrè ọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdì ló sábà máa ń gba ẹnì kejì kó tó dáhùn. Ká tó pajú pẹ́ẹ́! Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbọ́ ti ń to èsì ẹ̀ sínú kí ọ̀rọ̀ tó tán, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń ṣọ́ ojú, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lórí WhatsApp ńkọ́? Á ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì, á gbé fóònù kalẹ̀, á jẹun, á tẹ̀ ẹ́, á pa á rẹ́, á bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ léèrè "kí ni kí n sọ", kó tó wá fèsì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ti ń ṣe báyìí láti ọdún mẹ́rin, ẹ wá gbé e síwájú àna, ẹ ní kó sọ̀rọ̀, ẹ̀rù á bà á ni jàre, kò síbi tó ti máa pa á rẹ́.

Ti àwa Yorùbá tún wá le. Kéèyàn tó lè kíni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tónítọ̀hún ń ṣe, torí "ojú gbooro" la ń kí onídìrí, "ẹ kú ewu ọ̀nà" la ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ìmójì wo ló ń kọ́ ọmọ níyẹn? Lọ́dún 2014, yunifásítì UCLA ní California, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 51 tí wọ́n lo ọjọ́ márùn-ún ní àgọ́ láìsí fóònù, láìsí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá mọ ojú èèyàn kà ju àwọn tí wọn ò lọ. Ọjọ́ márùn-ún péré o! Ẹ má wá tìtorí ẹ̀ fọ́ fóònù mọ́lẹ̀, ẹ rán an lọ ọjà Bódìjà kó ná ata.

Àwọn tó ń ta fídíò tí wọ́n ní á fún ọmọ ní "ìgboyà lọ́jọ́ mẹ́ta", ẹ sá fún wọn.

Bàbá ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin kan tí mò ń bójú tó kú. Ọmọkùnrin yìí gbé fọ́tò sórí sítétọ́ọ̀sì, ó fowó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó wọkọ̀ lọ sílé wọn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ẹkún nínú ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ bá fò lọ lórí ẹ̀. Ló bá tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp: "Mo wà níta, mi ò mọ ohun tí màá sọ." Ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà ní pípa, ó bá padà sílé. Ìgbà tó di alẹ́ lọ̀rẹ́ yẹn rí i, ó ní: "O ò rí ilẹ̀kùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wá bá mi. Mo ní kó yéé tẹ̀ ẹ́, kó fẹnu sọ ọ́, "ẹ kú ara fẹ́ra kù" la sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà lọ ní Sátidé. Ó ní ohùn òun ń gbọ̀n, òun ò sọ ọ́ tán, àmọ́ màmá wọn ní kóun jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ fóun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò tíì dá a lóhùn.