Irun ẹsẹ̀ ọkùnrin: ṣé ó ṣeé mú kúrò títí láé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi kan láti Kétu, tó ń ṣiṣẹ́ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan di méjì, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà fi tiwọn kún un. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn tí awọ ara ń dà láàmú ni mo máa ń tọ́jú, mo sì ń rí i pé owó táwọn ọ̀dọ́ ń ná sórí nǹkan yìí ń pọ̀, àwọn tó ń fara pa níbẹ̀ náà ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Irun ẹsẹ̀ mi pọ̀ gan-an, tí mo bá fá a lónìí, kó tó di ọ̀túnla ó ti ń gún mi lọ́wọ́. Ṣé nǹkan kan wà tó lè mú un lọ?

Ó wà o. Ọ̀nà méjì péré ló ń dé gbòǹgbò irun kó má lè hù mọ́: lésà, àti abẹ́rẹ́ oníná táwọn Faransé ń pè ní électrolyse. Yòókù, abẹ, kìrímù, ìda gbígbóná, ẹ̀rọ tó ń fa irun tu, gbogbo ẹ̀ ló ń hù padà, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tiẹ̀.

Àmọ́ mọ èyí kó o tó kówó jáde: lésà kì í mú irun tán. Ó máa ń dín in kù, ó lè dín in kù gan-an débi pé èèyàn ò ní rí i tí kò bá sún mọ́ ẹ, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á tín-ín-rín. FDA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbà káwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lésà sọ pé ó ń dín irun kù títí lọ, wọn ò gbà kí wọ́n sọ pé ó ń mú un kúrò títí láé. Électrolyse nìkan ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ fún. Torí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé "lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí," ọjà ló ń tà.

Màmá mi ní bí mo ṣe ń fá a ló jẹ́ kó máa le sí i.

Màmá ò parọ́ ohun tí wọ́n fojú rí, àmọ́ fífá kọ́ ló fà á. Irun tí abẹ ò tíì kàn, ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín ni. Tí abẹ bá ti gé e, ìdí ẹ̀ tó nípọn ló máa yọrí síta, òun ló ń le lọ́wọ́ yẹn. Onímọ̀ nípa ara èèyàn kan ní Amẹ́ríkà, Mildred Trotter, ti wádìí ẹ̀ lọ́dún 1928, ó rí i pé fífá ò sọ irun di púpọ̀, kò sì jẹ́ kó yára hù. Homóònù ọkùnrin àti ìran ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fá a bó o ṣe fẹ́ jàre.

Lésà wá ńkọ́? Ẹnì kan ní kò dáa fún ara dúdú.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

Ìmọ́lẹ̀ ni lésà. Dúdú tó wà nínú irun ló máa ń fa ìmọ́lẹ̀ yẹn mọ́ra, á gbóná, ooru ẹ̀ á wá sun gbòǹgbò. Àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Anderson àti Parrish, ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí lọ́dún 1983. Ìṣòro tiwa ni pé irú dúdú kan náà tó wà nínú irun ló wà nínú awọ wa, ìmọ́lẹ̀ ò sì mọ èwo ni kó mú èwo ni kó fi sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ò bá yẹ, awọ ló máa kọ́kọ́ jó kí ooru tó dé ìdí irun. Dókítà kan tó ń jẹ́ Fitzpatrick pín awọ ọmọ aráyé sí oríṣi láti 1 dé 6, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1975, èyí tó pupa jù ni 1. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ, 5 àti 6 la wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àwọn oníbàárà tó wà ní 1 sí 3 ni wọ́n fi sọ́kàn.

Àmọ́ kì í ṣe pé kò dáa fún wa rárá. Oríṣi lésà pọ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe gùn tó ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nánómítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Alexandrite jẹ́ 755 nánómítà, diode máa ń wà ní nǹkan bí 810, Nd:YAG sì jẹ́ 1064. Ti 1064 yìí ló ń wọlé jìn jù nínú wọn, dúdú ojú awọ kì í sì í fà á mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà. Òun ló dáa jù fún ara dúdú. Irun tó tín-ín-rín tó pọ́n kì í gbọ́ tiẹ̀ dáadáa, àmọ́ irun ẹsẹ̀ ọkùnrin nípọn ó sì dúdú, nǹkan tó ń wá nìyẹn. Àwọn kan ń lo diode fún ara dúdú náà, tí wọ́n bá dín agbára ẹ̀ kù tí wọ́n sì ń fi nǹkan tútù tu awọ nínú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹni tó dúdú bíi tèmi, 1064 ni kó lọ ṣe tàbí kó padà sílé.

Mo rí ọmọkùnrin kan lọ́jọ́ kan, ilé ìṣaralóge kan ni wọ́n ti ṣe é fún un. Láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, àmì onígun mẹ́rin tò tẹ̀ léra wọn bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sínú oòrùn, ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ yẹn gẹ́lẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti dúdú ju ara yòókù lọ, àwọn kan ti bó, inú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun sọ fún wọn pé ó ń jó òun, wọ́n ní kó fara dà á, pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Rárá o. Kó ta ẹ́ díẹ̀ kó sì lọ, ìyẹn ò burú. Tó bá ń jó ẹ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ojú ẹ̀rọ kúrò, tàbí tó ń lé ròrò, ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ìwọ lo lẹsẹ̀. Àmì bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó parẹ́ lára wa, èyí tó funfun nínú ẹ̀ lè má lọ mọ́.

Mo rí ẹ̀rọ kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi ṣe é nílé. Ṣé kí n rà á?

Má rà á. IPL lọ̀pọ̀ ẹ̀, kì í ṣe lésà, ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ara dúdú ló sì ń kọ́kọ́ jó. Ìwé tó bá a wá fúnra ẹ̀ sábà máa ń ya àwọn awọ síbẹ̀, tí wọ́n á fagi lé èyí tó jọ tiwa. Àwọn kan nínú ẹ̀ máa ń wo àwọ̀ ara ẹ, tó bá rí i pé ó dúdú jù, kò ní tàn. Tó bá kọ̀ tí kò tàn, kò bàjẹ́ o, ìwọ ló ń gbà là.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn máa ṣe é, àti pé èló ni?

Irun ò kí ń hù lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìṣẹ́jú yìí, ìwọ̀nba ló ń dàgbà lẹ́sẹ̀ ẹ, èyí tó pọ̀ jù ń sinmi, àwọn kan sì ti ń múra àtijábọ́. Èyí tó ń dàgbà nìkan ni lésà lè pa torí òun ló ṣì so mọ́ gbòǹgbò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ti ẹsẹ̀ sì máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra wọn, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ti owó, kálukú pẹ̀lú iye tiẹ̀, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n sọ iye ẹ̀ẹ̀kan fún ẹ kó o wá máa yọ̀, fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀, fi owó ọkọ̀ lọ sí Kútọnu kún un, kó o tó mọ̀ bóyá sẹ́fà ẹ tó o.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, á dà bíi pé irun ti ń hù, àwọn tóótòòtó dúdú á yọ. Irun tó ti kú ló ń jáde. Má fà á tu, á já fúnra ẹ̀ tó o bá ń wẹ̀.

Ṣé ó máa ń dunni? Wọ́n ní kìrímù kan wà tí wọ́n máa ń fi pa ara kó má mọ̀ ọ́n lára.

Ó ń ta, pàápàá lójúgun níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ. Kìrímù yẹn wà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì gba ìṣọ́ra ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Lọ́dún 2007, FDA kìlọ̀ fáráyé lẹ́yìn tí ọ̀dọ́bìnrin méjì, ọmọ ọdún 22 àti 25, kú. Wọ́n ti fi kìrímù tó ní lidocaine (oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora) tó le gan-an pa ẹsẹ̀ wọn nítorí lésà, wọ́n wá fi náílọ́ọ̀nù we ẹsẹ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ méjèèjì tóbi, oògùn tó gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, ara ò gbà á. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kó o lọ pa á nílé kó o sì fi náílọ́ọ̀nù dì í, má ṣe é. Yìnyín tàbí afẹ́fẹ́ tútù tó ń jáde lára ẹ̀rọ tó.

Électrolyse tí ẹ ní ó ń mú un kúrò pátápátá, kí ló dé tí gbogbo èèyàn ò kúkú ṣe ìyẹn?

Torí irun kan, abẹ́rẹ́ kan. Wọ́n á ti abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bọ ibi tí irun ti jáde, wọ́n á fi iná díẹ̀ pa gbòǹgbò, wọ́n á fa irun náà yọ, ó kan òmíràn. Dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Charles Michel, ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1875, irun ìpéǹpéjú tó ń hù wọnú ojú ló ń fi tọ́jú. Fún ìpéǹpéjú ó dáa. Fún ẹsẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, wákàtí tó máa gbà ò ṣeé fẹnu sọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan, tàbí irun tó ti funfun tí lésà ò lè rí, ó wúlò. Àmọ́ tó o bá jẹ́ ẹni tí àpá máa ń wú lára ẹ̀, tí ọgbẹ́ kékeré máa ń di kókó, sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún ẹ rárá.

Àwọn tó ń ta ọṣẹ àti kìrímù "apa-irun" ní ọjà Ouando ńkọ́? Àbí oògùn tí èèyàn lè lò?

Kìrímù tó ń yọ irun, irun náà ló máa ń jẹ títí á fi rọ̀, kò dé gbòǹgbò. Dán an wò lójú kékeré, má jẹ́ kó pẹ́ ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí, kò sí èyí tó ń pa á títí láé nínú wọn. Èyí tí wọ́n pò fúnra wọn tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí gan-an, torí mo ti rí ọṣẹ tó ń bó ara nínú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bóra, kò gbọdọ̀ lọ síbi lésà láìsọ fún dókítà. Ti oògùn tó ń dín homóònù ọkùnrin kù, mo bẹ̀ ẹ́, gbàgbé ẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ọyàn wú, kó sì ba nǹkan ọkùnrin jẹ́, nítorí irun ẹsẹ̀!

Tí mi ò bá lówó lésà ńkọ́?

Kílípà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ gbọ́, àmọ́ kílípà táwọn onígbàjámọ̀ ń lò, tó o bá fi géèdì sí i tó o gé e mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á mọ́, irun ò ní gún ẹ, kò sì ní wọnú ara. Tiwa yìí ló ká, tó o bá fi abẹ fá a rekete, ẹnu ẹ̀ á padà wọnú awọ, á di róro, róro á di àmì dúdú. Ìda gbígbóná àti ṣúgà tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ sè máa ń fún ẹ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, àmọ́ irun tó ń padà bọ̀ máa ń há sínú gan-an lára àwa onírun kíká.

Ṣé ọkùnrin lè ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń díje àti àwọn tó ń sáré kẹ̀kẹ́ ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ ni. Ti ẹ̀sìn, bi àfáà tàbí pásítọ̀ ẹ, ìyẹn kọjá tèmi.

Ó dáa ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ dókítà awọ ara, tí wọ́n ń pè ní dermatologue. Wọ́n wà ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà ní Kútọnu. Kó gbogbo oògùn tó ò ń lò dání, torí àwọn kan bíi doxycycline lè jẹ́ kí awọ tètè jó nínú ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́ka ibi lésà fún ẹ, béèrè kó o tó sanwó: lésà wo ni, nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́, ta ló máa di ojú ẹ̀rọ mú, ṣé wọ́n máa fún mi ní jígí tó ń bo ojú, ṣé wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ẹni tó dúdú bíi tèmi hàn mí. Ní kí wọ́n dán an wò lójú kan tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ, kó o sì dúró ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, torí ara wa kì í tètè fi àmì hàn.

Tọ́jọ́ bá pé, fá irun náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, má fà á tu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọjọ́ yẹn tó dé, torí tí gbòǹgbò ò bá sí níbẹ̀ lésà ò rí nǹkan kan sun. Má fi òrí tàbí ìpara kankan pa ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ ṣòkòtò tó fẹ̀, kó o má fi ṣòkòtò péńpé gun zẹ́mì padà bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.