Sharad kọ́ ni "ìgbà ìwọ́wé", ẹ̀yìn-òjò ni

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí báyìí, màá rí àwọn tó ń kọ nípa oúnjẹ Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, lédè Yorùbá, wọ́n á túmọ̀ Sharad, orúkọ ìgbà kan nínú ọdún àwọn ará Íńdíà, sí ìgbà ìwọ́wé, wọ́n á ní ó ti dé, ẹ máa jẹ nǹkan gbígbóná, ẹ da òróró sí i dáadáa, ẹ fi atalẹ̀ sí i. Kò ní pẹ́ tẹ́lòmíì á fi dé, á ní irọ́ ni, ìwé Ayurveda ní ká yàgò fún òróró ká máa jẹ nǹkan kíkorò. Ìjà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ burúkú kan ṣoṣo ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ewé wo ló ń wọ́ ní Íńdíà lóṣù kẹwàá? Àbúrò mi tó kàwé ní Pune fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lóṣù yẹn, ewé tutù yọ̀yọ̀ lórí igi, òun ló ń làágùn bí ẹni tó gún iyán. Ìgbà mẹ́fà ni Ayurveda pín ọdún sí, Sharad ló sì tẹ̀lé Varsha tó jẹ́ ìgbà òjò gan-an, láti bí àárín oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kọkànlá. Òjò dá, ojú ọ̀run mọ́, oòrùn wá ń ta bí ata. Ẹni tó bá ń gbé London tàbí Chicago, òótọ́ ni pé igi àdúgbò ẹ̀ ń wọ́wé nígbà yẹn, òtútù sì ti ń mú, ìdí nìyẹn táwọn olùkọ́ Ayurveda ọ̀hún fi ń pe ìgbà ìwọ́wé tiwọn ní ìgbà vata (vata jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí Ayurveda ní ó ń darí ara, ó tutù, ó sì gbẹ), tí wọ́n ń ní kéèyàn jẹ nǹkan gbígbóná olóròóró. Mi ò bá wọn jà, ojú ọjọ́ tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní Sharad.

Ẹ̀yìn-òjò lèmi ń kọ. Ẹnì kan ní kí n kọ "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn", mo ní rárá o, tí Yorùbá bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ ló máa rántí, ètè tó bó àti gìgísẹ̀ tó sán. Ẹ̀yìn-òjò ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yẹn gan-an ni wọ́n ní ó ń fa àìsàn.

Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni pitta, òmíràn nínú ohun mẹ́ta yẹn, tí wọ́n ń pè ní "iná ara". Ẹ jọ̀ọ́, iná ti ní olówó ẹ̀. Agni ni iná, òun ló ń da oúnjẹ nínú ikùn. Charaka Samhita, ìwé Ayurveda àtijọ́ kan, sọ pé lásìkò òjò agni máa ń rẹlẹ̀, àsìkò yẹn náà sì ni pitta ń kó jọ. Tẹ́ẹ bá wá pe méjèèjì ní iná, ẹ ti ní iná ń kú, iná ń pọ̀ sí i, lẹ́ẹ̀kan náà! Pitta gbóná lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún ní ó jẹ́ olómi, ó sì kan. Iná wo ló jẹ́ olómi? Òróòro ni, nǹkan kan náà tí alápatà ń ṣọ́ra fún kó má bẹ́ sára ẹ̀dọ̀, torí pitta gan-an ni wọ́n ń pe omi yẹn ní Sanskrit.

Bí òróòro yìí ṣe ń fa àìsàn lẹ́yìn òjò rèé. Ẹ rántí àgbàdo ògì tí màmá wa rẹ sínú ike nígbà tí òjò ò dá. Òtútù mú, ó ń kan díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Lọ́jọ́ tí oòrùn yọ pàà, tí wọ́n gbàgbé ike síta, ìfófó á ru dé ẹnu, òórùn kíkan ẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Ara tó ti mọ́ òtútù òjò lára ni oòrùn ká mọ́ bẹ́ẹ̀, òróòro tó ti ń kó jọ láti Varsha wá á ru.

Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kéèyàn jẹ nǹkan dídùn, nǹkan kíkorò, àti èyí tó ń fún ẹnu pọ̀ bí omi kajú, kó sì fúyẹ́: ìrẹsì, báálì, ẹ̀wà mung (ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé), ghee (bọ́tà tí wọ́n yọ́) tí wọ́n fi ewé kíkorò sè. Kébi pani dáadáa kó tó jẹun. Wàrà kíkan, ọ̀rá ẹran, òróró, ẹran inú omi, oorun ọ̀sán, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìwẹ̀nù àti ẹ̀jẹ̀ gbígbà tún wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣègùn nìyẹn, oúnjẹ ni mo ń sọ.

Omi mímu ìgbà Sharad náà lórúkọ, hamsodaka. Ẹnì kan kọ ọ́ ní "omi pẹ́pẹ́yẹ" nítorí hamsa jẹ́ ẹyẹ, ó dùn mí dọ́kàn. Omi tí oòrùn mú gbóná lọ́sàn-án tí òṣùpá tù lóru ni ìwé náà pè é, omi oòrùn-òun-òṣùpá ni mo fi ń pè é. Títí dòní, lálẹ́ Sharad Purnima, tí òṣùpá bá kún, ọ̀pọ̀ ilé lápá àríwá Íńdíà máa ń se ìrẹsì pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà, wọ́n á gbé e sábẹ́ òṣùpá, wọ́n á wá jẹ ẹ́ tútù láàárọ̀.