Injẹ́tọ̀ abẹ́ ìrísí kabúrétọ̀

Injẹ́tọ̀ abẹ́ ìrísí kabúrétọ̀ ni àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe sí ọkọ̀ àtijọ́, nípa èyí tí iṣẹ́ pípín epo fún ẹ́ńjìnì á ti kúrò lọ́wọ́ kabúrétọ̀ bọ́ sọ́wọ́ injẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo, tí kọ̀ǹpútà ń darí, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní rí ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gbé síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwúlò rẹ̀ hàn kedere ní àríwá Nàìjíríà. Nínú kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ máa ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá. Bó ti ń sáré níbẹ̀ ni ìfúnpá rẹ̀ ń dínkù, ìyẹn ló sì ń fa epo jáde lẹ́nu jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá. Jẹ́ẹ̀tì kò lè mọ̀ bóyá orí òkè ni ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ tí wọ́n to kabúrétọ̀ rẹ̀ dáadáa ní Àbújá, tó wá gùn dé Jos, ìlú tó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, yóò bá afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ pàdé: epo á pọ̀jù, èéfín dúdú á máa jáde, ojú púlọ́ọ̀gì á sì kún fún ẹ̀dú. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, epo tó wà nínú páìpù nítòsí ẹ́ńjìnì lè di oru kí ó tó dé kabúrétọ̀, ọkọ̀ á sì kú sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, ṣóòkù, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i, ni awakọ̀ á kọ́kọ́ fà láàárọ̀.

Ní ti injẹ́tọ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ ló ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, ooru ẹ́ńjìnì àti ọ́síjìn inú èéfín, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á sì ṣírò bí injẹ́tọ̀ yóò ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lè wà ní nǹkan bíi 14.7 sí epo 1 nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Injẹ́tọ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ àtijọ́. Mercedes-Benz 300 SL ti ní i ní 1954, Bosch sì gbé èyí tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, D-Jetronic, sára Volkswagen 1600 ní 1967. Peugeot 504 pàápàá, tó jáde ní 1968, ní irú èyí tó ń lo injẹ́tọ̀ ilé-iṣẹ́ Kugelfischer, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ̀ mọ́ 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Holley ní Amẹ́ríkà ń ta Sniper, tó jọ kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin, tí brain box sì wà lára rẹ̀. Jenvey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe èyí tó jọ kabúrétọ̀ Weber, tí injẹ́tọ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kejì ló gba ọgbọ́n ọwọ́. Wọ́n á kó jẹ́ẹ̀tì àti fíloótì (ohun tó ń léfòó láti díwọ̀n epo) kúrò nínú kabúrétọ̀, wọ́n á fi pẹlẹbẹ irin tó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀ níhà tí ojú kò tó, wọ́n á sì lu ihò sára manifold, páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, fún àwọn injẹ́tọ̀, kí páìpù wọn gba abẹ́ kọjá. Páǹpù epo àtijọ́ á ṣì dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ epo kankan kò gba inú rẹ̀ mọ́, nítorí páǹpù oníná ti wà nínú táǹkì. Ibi tí iṣẹ́ náà dára jù lójú nìyí. Kabúrétọ̀ tó ti bàjẹ́ ló yẹ kí wọ́n lò fún un, nítorí èyí tó dára ti ṣọ̀wọ́n.

Ìfúnpá bíi bar 0.3 ni páǹpù àtijọ́ fi ń ti epo, nígbà tí injẹ́tọ̀ sábà máa ń fẹ́ bar 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Róbà epo àtijọ́ kò lè gba èyí; bó bá bẹ́ lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, iná ni. Nítorí náà, kò yẹ kí a torí ìrísí fi róbà àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí epo ti ń kọjá. Wáyà púlọ́ọ̀gì tí kò ní rẹsístọ̀ (ohun tó ń dín agbára iná kù) náà lè da brain box rú, omi àti ìdọ̀tí inú epo sì ń dí ẹnu injẹ́tọ̀, ìdí nìyí tí fíltà tó dára fi pọn dandan.

Mekáníìkì nìkan kò lè parí iṣẹ́ yìí láìsí rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àwọn méjèèjì sì wà ní abúlé mekáníìkì Apo ní Àbújá. Ọjà Panteka ní Kàdúná ní tirẹ̀ gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ irin.

FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́, ka ọkọ̀ tó ti pé ọdún 30, tí ó ṣì wà bó ṣe wà nínú ìtàn, sí ọkọ̀ àtijọ́. Fún ìdí èyí, àtúnṣe tó ṣeé yí padà ló sàn jù, kí a sì tọ́jú gbogbo ohun tí a bá tú. Ó yẹ kí àwòrán wáyà náà wà nínú ọkọ̀, torí mekáníìkì tí kò bá mọ̀ lè máa yí ìdè kabúrétọ̀ òfìfo láti àárọ̀ di alẹ́.