Fláàṣì Kọ́ Ló Ń Mú Fọ́tò Alẹ́ Dára ní Kek Lok Si

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fọ́tò kò lè dáa láìtan fláàṣì. Ní tẹ́ńpìlì Kek Lok Si tó wà ní Air Itam, ní erékùṣù Penang lórílẹ̀-èdè Màléṣíà, èrò yìí ń ba fọ́tò jẹ́ púpọ̀ lálẹ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà. Lásìkò yẹn, iná àti àtùpà pupa máa ń bo gbogbo òkè náà, títí dé orí ilé gogoro tí wọ́n parí lọ́dún 1930, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Ṣáínà, tí àárín jẹ́ ti Thailand, tí téńté rẹ̀ sì jẹ́ ti Bọ́mà. Iná yẹn gan-an la wá yà. Fláàṣì ló ń pa á.

Fláàṣì fóònù kì í lágbára kọjá mítà mélòó kan. Bí ohun tí a ń yà bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa dé ibẹ̀. Kò ní kan ilé gogoro rárá. Ẹ̀yìn orí àwọn tó dúró níwájú yín ló máa tàn sí, ibi tó kù á sì dúdú kirikiri. Èéfín tùràrí tún wà. Ìmọ́lẹ̀ á kọlu èéfín àti eérú tó wà nítòsí ojú kámẹ́rà, á sì padà wá bí ìkùukùu funfun tàbí àwọn òbìrípo kéékèèké. Àwọn kan ń pe òbìrípo wọ̀nyí ní ẹ̀mí àìrí; eérú ni.

Ẹ tètè dé. Ní oṣù kìíní àti ìkejì, oòrùn ń wọ̀ ní Penang ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 35 lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, òrùlé sì máa ń yọ dáadáa lára rẹ̀. Tí ó bá ti dúdú tán, ẹ̀bá òrùlé á sọnù.

Lórí kámẹ́rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/2.8 (bí ojú kámẹ́rà ṣe ṣí tó), ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) àti 1/50 (ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá tí ojú rẹ̀ fi ń ṣí). Bí èèyàn bá ń rìn kọjá, ẹ lo 1/100 àti ISO 3200. Ìdí tí a fi yan 1/50 àti 1/100 ni pé iná mànàmáná Màléṣíà jẹ́ 50 hertz, àwọn gílóòbù LED míì sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1/500, ìlà dúdú lè fà gba inú fọ́tò kọjá. Bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀, ẹ dín in kù ní ìpele kan, nítorí òkùnkùn tó pọ̀ máa ń tan kámẹ́rà jẹ, àtùpà pupa á wá funfun bí ẹyin. Lórí fóònù, ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ tẹ àtùpà lójú fóònù, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ti òpó.

Bí ẹ bá ti yàrá tútù bọ́ sínú ooru, omi á bo ojú kámẹ́rà. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú báàgì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó yọ ọ́.

Nínú tẹ́ńpìlì Ṣáínà, ẹnu ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà wọlé tí a bá kọjú sí ilé náà, tòsì la ń gbà jáde. Ẹ má tẹ pákó tó dábùú ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀, ẹ ré e kọjá. Ẹ má dúró láàárín ẹni tó gbé tùràrí àti pẹpẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti ya ọwọ́ rẹ̀. Níbi tí àmì bá ti kọ̀ fọ́tò, ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ má gbé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sórí àtẹ̀gùn, èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan lè kọsẹ̀ lára rẹ̀.